Abẹ́rẹ́ Kan, Ọmọ Mẹ́ta

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá ń fún Morẹ́nikẹ́ lọ́mú lóru, tí àdúgbò pa lọ́lọ́, ọwọ́ mi á ti dé etí rẹ̀ kí n tó mọ̀. Màá fi ìka kan yẹtí kékeré méjèèjì, màá tún fi kan ẹ̀yìn wọn. Etí náà ti ń jinná. Kò wú, kò ṣomi, kò gbóná. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ tèmi. Ọmọ tí kì í ṣe tèmi ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọmọ tí kò tíì lu etí

Ní Adó-Èkìtì níbí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ti máa ń lu etí wọn kí wọ́n tó kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ. Tiwa kọjá ọjọ́ kẹjọ, ó kọjá ogójì ọjọ́. Èmi ni mo ní kí a dúró de àjẹsára. Bí a bá ti bí ọmọ, wọ́n á fún un ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti rọpárọsẹ̀ àti ti Hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń gba ojú egbò wọlé, wà nínú rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 6. Ọmọ á tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Lóòótọ́, mo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nínú oyún, ààbò rẹ̀ sì máa ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ti ọmọ fúnra rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó gún un nítorí ẹ̀ṣọ́.

Dídúró náà kò rọrùn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba yọjú wo ọmọ lẹ́yìn mi, ó ní, “Ọkọ mi, o káre o, o mà ti tóbi!” Mo ní obìnrin ni. Ó wo etí ọmọ, ó wo ojú mi, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan mọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé ìjọsìn, ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Èèyàn lè wọ aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú fún ọmọ, kó dè é ní gèlè, bí etí bá ti wà lófo, ọkùnrin ni lójú wa.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìjerò láti bá mi tọ́jú ọmọ. Wọ́n gbé àdí wá nínú ìgò, wọ́n gbé kànìnkànìn tuntun wá, mo sì rí kẹ̀kẹ́ òwú dúdú kan nísàlẹ̀ báàgì wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti rí òwú yẹn ni mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sílẹ̀. Mo ń wá bí n ó ṣe sọ fún Màmá pé rárá, a kò ní fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti òwú lu etí ọmọ yìí nílé, tí wọn kò fi ní rí i bí àfojúdi. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ mi, Màmá ni mo dojú rẹ̀ kọ.

Lórí bẹ́ǹṣì

Ọ̀sẹ̀ 10 pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Èmi àti Màmá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí a ti ń gba àjẹsára. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì tó fún Morẹ́nikẹ́ ní abẹ́rẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ bó ṣe ń gún wọn. Nígbà tó parí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lu etí ọmọ kó wá sí yàrá ẹ̀yìn, owó rẹ̀ kò ju iye kékeré kan lọ. Àwa mẹ́ta la jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mo ṣe ìkẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bí mo ṣe rí i. Àwo irin kékeré kan wà lórí tábìlì. Nínú àwo náà, abẹ́rẹ́ kan, òwú tí wọ́n gé ní ègé ègé, àti ìgò spírítì. Nọ́ọ̀sì fi kọ́tìnwúùlù tó rin fún spírítì nu etí ọmọ àkọ́kọ́, ó gún un, ó fa òwú kọjá, ó so ó. Ó ṣe èkejì. Lẹ́yìn náà, ó mú kọ́tìnwúùlù mìíràn, ó fi nu abẹ́rẹ́ láti ìdí dé ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà sínú àwo. Mo rí àmì pupa kan lára kọ́tìnwúùlù náà bó ṣe jù ú sínú garawa, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ó ní, “Ìyá kejì, ẹ gbé ọmọ wá.” Abẹ́rẹ́ yẹn náà ló tún mú.

Olùkọ́ ni mí. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí àrùn ṣe ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, mo ti yà á sójú pátákó ní àìmọye ìgbà, mo sì ti fi ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹnu mi wúwo. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí, ojú ló ń tì mí. Nọ́ọ̀sì náà jù mí lọ dáadáa, ó ti ṣe wá jẹ́jẹ́ láti àárọ̀, àwọn èèyàn sì wà nílẹ̀. Mo ń to gbólóhùn pọ̀ nínú mi, mo ń wá èyí tí kò ní dà bí ẹni pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ibi tí mo ti ń to gbólóhùn ni wọ́n ti gún etí ọ̀tún ọmọ kejì. Mo ṣì ń tò ó nígbà tí wọ́n gún tòsì. Ọmọ náà wọ aṣọ yẹ́lò, ó fi gbogbo ara ké, ìyá rẹ̀ sì ń jó o lọ́wọ́, ó ń pè é ní oríṣiríṣi orúkọ.

“Ìyá kẹta.”

Màmá ló dáhùn. Wọn ò dìde, wọn ò gbé ohùn sókè. Màmá kì í sọ Yorùbá inú ìwé, Èkìtì ni wọ́n ń fọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyí: “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́rẹ́ tiwa ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, òun nìyí. Mo ti fi spírítì nù ún.”

“Mo rí i, mò ń wò yín. Ẹ nù ún dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ara ọmọ méjì, ẹ̀ẹ́ bá wa mú tuntun.”

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní tuntun ti tán, bí a bá lè lọ ra tiwa wá, òun á dúró dè wá. Màmá dúpẹ́, wọ́n fà mí lápá: “Ó yá, ulé yá.”

Ìyá ọmọ aláṣọ yẹ́lò ti ń pọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọdébìnrin ni ìyá náà, bóyá kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Kò gbọ́ ohun tí Màmá sọ nítorí igbe ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Ó dàbọ̀, Àǹtí.” Èmi náà ní, “Ó dàbọ̀.”

Ó dàbọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ohun tí Màmá mọ̀

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé kò dára. Mo rò pé wọ́n á ní rédíò ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bí àkọ́bí ní 1974, ìyá àwọn ló lu etí ọmọ náà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì lò, inú ṣáláńgá ni wọ́n sọ ọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, wọn kì í jẹ́ kó tún mu ti òmíràn, kí wàhálà tí ọmọ kan gbé wáyé má baà ràn mọ́ èkejì. Bí obìnrin mẹ́rin bá jọ bímọ lágboolé, abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ alátẹ.

Mo ronú sí i títí a fi délé. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kọ́ ni ìdí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi tó ní ìwé dákẹ́, ẹni tí kò wọ kíláàsì rí ló béèrè, ó sì béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, láìbú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo pè ní ọ̀wọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, Màmá ní ọ̀wọ̀ jù mí lọ, kò sì dí wọn lẹ́nu.

N kò sọ pé gbogbo bí ayé àtijọ́ ṣe ń lu etí ló dára o. Màmá fúnra wọn sọ pé ọmọ mìíràn á wà dáadáa títí di bí ọjọ́ keje, á dédé kọ ọmú, ẹnu rẹ̀ á há, ara rẹ̀ á le gbagidi bí igi, á sì lọ. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ tuntun gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ròyìn. Ojú ìwọ́ ló sábà máa ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ojú egbò tí kò lè gbà.

Ohun tí spírítì kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí a bá ti fi spírítì nu nǹkan, ó parí. Spírítì wúlò fún nínù etí kí wọ́n tó gún un. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹlòmíràn kì í di tuntun nítorí pé a nù ún. Kòkòrò Hepatitis B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní láti pọ̀ débi tí ojú á fi rí i. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì tún yàtọ̀. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń gbé, ó máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀, omi híhó lásán kì í sì sábà ràn án. Ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń se irinṣẹ́ wọn, tí ooru rẹ̀ ń dé 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ló ń pa á. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tí a sè nínú ìkòkò ní kíṣìnì kò tíì tó, èyí tí a fi iná àbẹ́là jó náà kò tíì tó. Ìbọn tí wọ́n fi ń lu etí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, rọ́bà ló pọ̀ jù lára rẹ̀, kò sì ṣeé fi sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, tí wọ́n já lójú ìyá ọmọ, kò wọ́n. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Láti 1986 tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kọ́ láti máa mú ẹ̀rọ ìgẹrun tiwọn lọ sọ́dọ̀ onígẹrun. Ọkọ mi ní tirẹ̀, inú àpò kékeré ló ń gbé e sí, kò sì sí onígẹrun tó fi bínú sí i rí. Kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń gbé tirẹ̀ dání, tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò ní ẹni tí yóò béèrè tirẹ̀ fún un?

Bí a ṣe lu ti Morẹ́nikẹ́

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì mìíràn ló bá wa lu ú, ní ibòmíràn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kí n gbé ọmọ nàró, kó máa wo iwájú, ó sì fi bírò sàmì sí etí méjèèjì. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó nu ti òsì kúrò, ó tún un ṣe. Ó ní etí ọmọ yóò dàgbà pẹ̀lú ihò náà, bí ó bá wọ́ lónìí, yóò wọ́ títí. Ìsàlẹ̀ etí tó rọ̀ ni ó sàmì sí. Òkè etí tó le, egungun rírọ̀ ni, ìtọ́jú egbò rẹ̀ máa ń ṣòro, wọn kì í fọwọ́ kàn án lára ọmọdé.

Ó ní kí n fún ọmọ lọ́mú. Ìgbà tí Morẹ́nikẹ́ ti ń mu ún, tí ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, ló já ọ̀rá abẹ́rẹ́ lójú wa. Màmá ń ṣe àdúrà lábẹ́ ohùn: abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọmọ fi ọmú sílẹ̀, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé e mú. Nígbà tí wọ́n gún èkejì, ọwọ́ rẹ̀ kékeré di ìka mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi sùn.

Yẹtí wúrà ni a fi sí i. Ọkọ mi ti kọ́kọ́ ra èyí tó ń dán lọ́jà, owó pọ́ọ́kú, nọ́ọ̀sì sì ní kí a gbé e pamọ́. Nickel máa ń pọ̀ nínú irú pánda bẹ́ẹ̀, ó máa ń mú kí etí ẹlòmíràn yún kó sì máa ṣomi, a ó sì máa rò pé etí náà kọ̀ ni. Ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, kó má fún jù, nítorí etí máa ń wú díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdè tó fún lè rì sínú ẹran. Kó má sì dẹ̀ jù, ọwọ́ ọmọ kì í gbé, ohun tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹnu ló ń lọ.

Ohun ńlá tó kù ni ọ̀rọ̀ àdí. Màmá ti ṣí ìgò. Etí tí wọ́n lu láyé àtijọ́, àdí ni wọ́n ń kán sí i láàárọ̀ láṣálẹ́, wọ́n á sì máa yí òwú náà po. Bí òwú bá já, wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ tín-ín-rín sínú ihò. Nọ́ọ̀sì ní omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le ti tó, tàbí omi tí a sè tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, lẹ́yìn tí a bá ti fọ ọwọ́ tiwa. Kí a má yí yẹtí náà kiri, kí a má bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí etí bá pọ́n tó sì ń wú sí i, bí ó bá ń ṣọyún, tàbí bí ara ọmọ bá gbóná, dókítà ni kí a sáré tọ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ooru ara rẹ̀ bá dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sí pé à ń dúró di àárọ̀. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dé ìgò. Láti ọjọ́ náà, orí àti ara ọmọ ni wọ́n ń fi àdí pa, wọn kì í jẹ́ kó kan etí.

Àwọn kan á sọ pé kí a fi etí ọmọ sílẹ̀ títí yóò fi lè fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Mo gbọ́ wọn, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìdílé mi ní àpá tó máa ń wú jáde, àbúrò ìyá mi ní ọ̀kan lẹ́yìn etí tó tóbi tó ẹ̀wà, ìgbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló lu etí náà. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tó lu etí lẹ́yìn ọmọ ọdún 11 ju àwọn tó ti lù ú ṣáájú ìgbà náà lọ. Èyí wà lára ohun tí mo rò.

Ọ̀sẹ̀ 14

Mo padà lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Mo sọ ohun tí mo rí, láìfi ìbínú sí i. Wọ́n gbọ́. Páálí abẹ́rẹ́ tuntun ti wà lórí tábìlì yàrá ẹ̀yìn báyìí, n kò sì ní ohun mìíràn láti sọ nípa wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ aláṣọ yẹ́lò kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi dókítà kan tí mo mọ̀ léèrè. Ó ní oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì lẹ́yìn irú èyí, láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wákàtí 72! Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka, mo ti ná an tán nínú ìtìjú. Ó ní ewu rẹ̀ kò pọ̀, àti pé ọmọ tó ti gba àjẹsára Hepatitis B nígbà tí wọ́n bí i, tó tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6 àti 10, ní ààbò tó lágbára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni a jọ ń gba àjẹsára. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 14 pé, mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ọmọ ti sanra, wọ́n ti yọ òwú, yẹtí ti wà létí. Ó dá mi mọ̀: “Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀yin náà ti lu tirẹ̀!”

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ láìto gbólóhùn kankan. Mo ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lu ti ọmọ rẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ fi lu ti ọmọ tó ṣáájú, mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo ní kó má bínú. Ó dúró. Kò ké, kò bú mi, ó kàn ń fọwọ́ yí ìbòrí ọmọ rẹ̀ sápá kan, ó ń yí i padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ẹ̀yin rí i?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà, àti iye tó jẹ́. Mo ní kó má ro ti owó. A fi Morẹ́nikẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ kò lè wò ó, èmi ni mo dì í mú. Èsì àkọ́kọ́ kò gbé nǹkan kan jáde. Dókítà ní kí wọ́n padà wá fún ìkejì.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni. Ó pè mí lánàá láti rán mi létí aago tí a ó pàdé.